Iwájú Orí Kì Í Ṣe Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Gbági fi fọ́tò ọmọbìnrin kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọmọbìnrin náà ró aṣọ òfì, ó wé gèlè sẹ́yìn, iwájú orí rẹ̀ hàn gbangba, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò tíì wò ó tán tí fóònù mi fi dún.

"Bàbá X-ray, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo orí ọmọ yẹn dáadáa. Òun ni ọmọ mi lóun fẹ́ fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní iwájú orí rẹ̀ yọ jù, pé eyín òkè rẹ̀ náà fẹ́ yọ síta. Wọ́n ní bí orí àwọn onífòníkú-fọ̀ladìde ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ya orí èèyàn láti ọjọ́ tó pẹ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi, màá fi bò."

Mo bi í pé, "Ọmọ tiyín ńkọ́? Kí ni jínótáìpù tirẹ̀?"

Ó ní, "Tèmi kẹ̀? Ọmọ tí kò ṣàìsàn rí! Ṣé ẹ ò rí bí ara rẹ̀ ṣe le koko ni?"

Mo ní kí ó má bínú, n kì í ka ẹ̀jẹ̀ lójú fọ́tò. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi. Ó ti rò pé ojú kan péré ni màá fi wo ọmọ náà, tí màá sì dá ẹjọ́.

Ọdún 33 ni mo fi ya X-ray ní oríṣiríṣi ilé ìwòsàn n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Agbárí tí mo ti gbé síwájú iná wò kò lóǹkà. Àwọn àgbà ní orí burúkú kì í wú túúlú, a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Gbogbo wa la mọ òwe yìí lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìyàwó fífẹ́ bá dé, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wọn orí ọmọ olọ́mọ bí ẹni tó ń ra iṣu ní Bódìjà. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Orí ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yẹ ní wíwò. Kódà, a kì í wò ó tó bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ló yẹ ká tìtorí ẹ̀ wò ó, kì í ṣe ìtanù.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ìyá aláṣọ yẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú, òótọ́ díẹ̀ náà ló sì léwu. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, SS ni, ìyẹn ni pé ó ní àrùn náà. "Orí-Àgbọn" ni wọ́n ń pè é nílé ìwé, nítorí iwájú orí rẹ̀ yọ, ó sì ga. Eyín òkè rẹ̀ náà yọ síwájú, àlàfo sì wà láàárín wọn. Kò sí fọ́tò kan nínú àpótí ìyá wa tí ó ti ṣí eyín. Bí ẹ bá pa á lẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ á ti kọ́kọ́ dé ẹnu kí ẹ̀rín tó jáde. Bàbá wa àgbà gbà pé àbíkú ni, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fa orí rẹ̀ kí ó lè máa bá wọn lọ. Wọ́n sín in ní gbẹ́rẹ́ láti ìpàkọ́ dé àyà. Gbogbo ìgbà tí eegun bá ń ro ó lóru, tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó tún dìde, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tún yí. Ibẹ̀ náà ni orúkọ àrùn yìí ti wá: ó fi òní kú, ó fi ọ̀la dìde.

Ní 1989, èmi fúnra mi ni mo ya X-ray agbárí rẹ̀, nígbà tí orí kan ń fọ́ ọ tí kò lọ bọ̀rọ̀. Nígbà yẹn, kò sí kọ̀ǹpútà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Inú yàrá òkùnkùn ni a ti ń fọ fíìmù, iná pupa kékeré kan á máa tàn lókè, òórùn kẹ́míkà á kún imú. Mo yọ fíìmù rẹ̀ nínú omi, mo gbé e lé ojú iná, omi ṣì ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Ohun tí mo rí, mo ti rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé rí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i lára ẹni tí a jọ mu ọmú kan náà. Eegun agbárí rẹ̀ nípọn ju ti èèyàn yòókù lọ, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sì dúró gbọọrọ lórí rẹ̀ bí eyín ìyarun, bí irun ẹni tí ẹ̀rù bà. Ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ nìkan ló dán.

Ẹ jẹ́ kí n fi oúnjẹ àárọ̀ ará Ìbàdàn ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ mú búrẹ́dì tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n ki àkàrà sáàárín rẹ̀. Bí eegun agbárí wa ṣe rí nìyẹn: pátákó líle kan lóde, òmíràn nínú, mùdùnmúdùn láàárín. Mùdùnmúdùn yìí ni ilé iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí kò ní àbùkù ń lo bí ọjọ́ 120 kí ó tó kú. Ti ẹni tó jẹ́ SS ń tẹ̀ bíi dòjé, ó sì ń fọ́ láàárín ọjọ́ 10 sí 20. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọjà tí ẹlòmíràn ń rà lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin, àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ máa rà á ní ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mùdùnmúdùn á ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, á máa pọ̀, á máa fẹ̀. Àkàrà á nípọn, búrẹ́dì òde á fẹ́lẹ́. Eegun iwájú orí á yọ, egungun àgbọ̀n òkè á fẹ̀, eyín á sì bá a yọ síta. Àwọn ìlà tó dúró bí eyín ìyarun yẹn jẹ́ òpó tín-ín-rín tí eegun fi gbé mùdùnmúdùn tó ń wú ró. Ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ dán nítorí pé mùdùnmúdùn kì í pọ̀ níbẹ̀.

Mo fi fíìmù náà han àbúrò mi. Mo nawọ́ sí i níbì kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ohun tó fà á fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iṣẹ́ ni orí mi ń ṣe láti ọjọ́ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ló ń ṣe. Láti ọjọ́ náà, n kì í lè gbọ́ kí wọ́n pe ọmọ kan ní orí-àgbọn kí n má bínú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá aláṣọ ti ṣìnà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jẹ́ SS ni orí rẹ̀ ń yí padà. Ọ̀pọ̀ wọn ló wà tí ẹ lè jókòó tì nínú mọ́tò láti Ìbàdàn dé Èkó tí ẹ ò ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó jẹ́ AA jogún iwájú orí gbàǹgbà lọ́wọ́ bàbá wọn, tí wọ́n jogún eyín yíyọ lọ́wọ́ ìyá wọn. Ẹni tó jẹ́ AS ńkọ́? Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, AS ni mí. Ẹ wo orí mi títí di ọ̀la, ẹ ò ní rí nǹkan kan. AS kì í ṣe àrùn; ó tilẹ̀ ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le, gẹ́gẹ́ bí Anthony Allison ṣe fi hàn ní 1954. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lágbègbè wa, níbi tí ẹ̀fọn ti pọ̀. Ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, bí ẹni ń ta ayò ni: ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé SS ni yóò jẹ́. Ẹ wá wò ó: ara líle tí ìyá aláṣọ ń fi yangàn kò sọ nǹkan kan fún un nípa ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Ibi tó yẹ ká ti máa wo orí ni ibi ìtọ́jú, ibẹ̀ gan-an la kì í ti í wò ó. Bí ẹ bá dárúkọ àrùn yìí, orókún, ẹ̀yìn àti ìbàdí ni ọkàn gbogbo èèyàn ń lọ. Orí wà lókè níbẹ̀, a gbójú fò ó.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ sáínọ́ọ̀sì wò. Nínú egungun ojú wa, àwọn yàrá òfìfo wà tí afẹ́fẹ́ ń gbé: ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú lábẹ́ ojú, ó wà níwájú orí, ó wà láàárín ojú méjèèjì, ọ̀kan sì sá pamọ́ sẹ́yìn imú pátápátá, nísàlẹ̀ ọpọlọ. Ọmọ kì í bá gbogbo yàrá wọ̀nyí wáyé ní ṣíṣí. Ibi tí yàrá ẹ̀yìn imú yẹn máa wà, mùdùnmúdùn ló kọ́kọ́ ń gbébẹ̀. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, mùdùnmúdùn pupa á di ọ̀rá, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ á gba ilé. Lára ẹni tó jẹ́ SS, mùdùnmúdùn lè ṣe bí ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde, nítorí iṣẹ́ kò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá náà á ṣí dé ìdajì, tàbí kí ó má ṣí rárá. Bí wọ́n bá wá ya orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ CT, tí ẹni tó ń ka àwòrán kò sì mọ̀ pé SS ni, ó lè pe ibi tí kò ṣí yẹn ní kókó burúkú. Ẹ fojú inú wo ẹbí tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún, tí wọ́n wá ń ta ilẹ̀ kiri nítorí ohun tí kò sí.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún kan, wọ́n mú ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan wá bá wa. Ojú rẹ̀ òsì ti wú bò, ara rẹ̀ gbóná, ó ń di ẹ̀bátí mú, ó ń ké. Bébà tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ fi hàn pé ó ti lo oògùn sáínọ́ọ̀sì fún ọjọ́ mẹ́rin níbòmíràn. Mo bi ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé SS ni?" Ó ní wọn kò bi òun, òun náà sì rò pé ọ̀rọ̀ ojú kò kan ọ̀rọ̀ eegun. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, eegun tó yí ẹyinjú ká ni ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́, bó ṣe máa ń ṣe sí eegun itan àti ti apá. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dí yẹn wú, ó sì ń ti ẹyinjú síta. Bí irú rẹ̀ bá pẹ́, ó lè fún iṣan tí a fi ń ríran pa. Wọ́n fún un lómi, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, oníṣẹ́ abẹ ojú ń wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ojú rẹ̀ padà sípò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ti lọ.

N kò sọ pé sáínọ́ọ̀sì kì í mú wọn o. Ó ń mú wọn dáadáa, nítorí ọlọ inú wọn kì í pẹ́ tó fi ń kú, kòkòrò àrùn sì ń rí wọn gbé ṣánlẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a bi ìbéèrè méjèèjì: ṣé kòkòrò ni, àbí eegun ló ń pariwo? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Bí ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n ẹni tó jẹ́ SS bá kú tipiri, tí eyín ń dùn ún láìsí ihò nínú eyín, kí wọ́n má ṣe sáré fà á yọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò dé eegun àgbọ̀n. Bí ọmọ bá sì ń hanrun lóru bí àgbàlagbà, tí mímí rẹ̀ ń já, ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Ẹran inú ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀yìn imú máa ń wú lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó ń dín afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí kù, àìtó afẹ́fẹ́ sì lè fa ìrora eegun ní ọjọ́ kejì.

Èyí tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ orí ni rọpárọsẹ̀. Kí ìtọ́jú òde òní tó dé, nínú 100 ọmọ tó jẹ́ SS, bí 11 ni rọpárọsẹ̀ máa ń kọlù kí wọ́n tó pé ogún ọdún. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n fi ń rí i kí ó tó dé. Wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré kan lé ẹ̀bátí, níbi tí eegun agbárí ti fẹ́lẹ́ jù, wọ́n á sì gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí X-ray, kò sì dun ọmọ. Bí eré ẹ̀jẹ̀ bá ti dé sẹ̀ǹtímítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu ti dé nìyẹn. Láti 1998 ni ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára déédéé ń dín rọpárọsẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹ má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Ní Kano àti Kaduna, àwọn dókítà fi hàn pé oògùn hydroxyurea tí a ń gbé mì, ìwọ̀nba rẹ̀ náà, lè ṣe irú iṣẹ́ yìí níbi tí ẹ̀jẹ̀ fífà sára kò ti rọrùn. Ní Èkó, Sickle Cell Foundation tó wà ní Ìdí-Àràbà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju dá sílẹ̀, ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀bátí yìí. Láti ọmọ ọdún 2 sí 16 ló yẹ kí ọmọ máa ṣe é lọ́dọọdún. Àwọn òbí mélòó ló mọ̀? Èmi tí mo wà nínú iṣẹ́ yìí, mo pàdé òbí tí ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún 12 tí kò gbọ́ nípa àyẹ̀wò náà rí.

Nǹkan bí ọmọ 150,000 tó ní àrùn yìí là ń bí lọ́dún ní Nàìjíríà. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan láyé tí wọ́n ti ń bí i tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba tó ń ra mọ́tò fún kọmíṣánnà lè ra ẹ̀rọ ẹ̀bátí kan fún ilé ìwòsàn ìjọba ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ́ nọ́ọ̀sì méjì ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìbéèrè wa kò ju ìyẹn lọ.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ wa nílé. Olùkọ́, bí ọmọ kan bá pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orí-àgbọn tàbí síkílà, ẹ dá a dúró níbẹ̀. Àrùn yìí kò ní kí ọmọ má kàwé. Ní 1910, nígbà tí Dókítà James Herrick ní Chicago kọ ìròyìn àkọ́kọ́ tó dá àrùn yìí mọ̀ nínú ìwé ìṣègùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ̀wé lé lórí, Walter Clement Noel láti erékùṣù Grenada, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín ni nígbà tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń ṣàìsàn, ó ń kàwé, ó sì parí rẹ̀. Àbúrò mi náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Aránṣọ ni, ní Òṣogbo, àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́ta sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń fi ọwọ́ bo ẹnu bí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Àwa la kọ́ ọ.

Òbí, bí orí bá ń fọ́ ọmọ yín tó jẹ́ SS, bí ojú rẹ̀ bá wú, bí àgbọ̀n rẹ̀ bá kú, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún dókítà kí ó tó mú gègé ni pé, "SS ni o." Ẹ má dúró kí ó tó bi yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó wọ ara. Ẹ tún un ṣe níbòmíràn kí ó lè dá yín lójú, nítorí àṣìṣe ń ṣẹlẹ̀ nílé àyẹ̀wò.

Ìyá aláṣọ tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní àwọn ọmọ náà ti lọ ṣe é nílé àyẹ̀wò méjì, èsì méjèèjì sì bára mu. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ọmọ tirẹ̀, tí kò ṣàìsàn rí, AS ni. Ọmọbìnrin oníwájú orí gbàǹgbà, AA.